Ìpàgọ́ Ọjọ́ Mẹ́rin àti Ìjọ Tí A Ń Padà Sí

Ní agbègbè wa, láti Ìkìrun dé Ìnísà àti Òkukù, àsìkò Àjíǹde ti di àsìkò rìtíríìtì. Ìjọ Deeper Life, tí Pásítọ̀ W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15 ní Yunifásítì Èkó ní 1973, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di àṣà, ní Àjíǹde àti ní oṣù Kejìlá. Àwa yòókù kọ́ ọ. N kò bá àṣà náà jà. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo ń yẹ̀ wò.

Ẹ wo ètò tí a máa ń tẹ̀ jáde: ìwàásù òwúrọ̀, ìwàásù ọ̀sán, ìṣọ́ òru. Àkókò oúnjẹ nìkan ni àlàfo, ìkéde a sì tún gba ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú Máàkù 6:31, ìsinmi ni Olúwa pe àwọn àpọ́sítélì sí, nítorí èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè jẹun. Òótọ́ ni pé èrò bá wọn débẹ̀, Jésù sì kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kó èrò lọ.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ló wúwo jù. Kí ló kó àwọn aṣáájú Faith Tabernacle jọ sí Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní oṣù Keje 1930, nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀? Wọ́n wá yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ pín wọn níyà ni. A máa ń sọ ti iṣẹ́ ìyanu. A kì í sọ ti ìjókòó yẹn. Ní ìpàgọ́ tiwa, ìyá méjì tí wọn kò kí ara wọn láti ìgbà tí a ti yan olórí ẹgbẹ́ obìnrin lè sùn sórí ẹní kan náà fún òru mẹ́ta, kí wọ́n jọ fi èdè tuntun gbàdúrà, kí wọ́n sì padà sí Ìnísà láìkí ara wọn. A kò ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún Mátíù 5:23–24.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ṣí irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìjà ni yóò bẹ́. Ó lè bẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ń parí ìjà nílé àti lọ́jà lójoojúmọ́. Nítorí pé wọn kì í ṣe oníwàásù ni a kò ṣe fi orúkọ wọn sínú ètò. Ẹ̀yin tí ẹ ó darí rìtíríìtì tó ń bọ̀, ẹ yọ ìwàásù ọ̀sán ọjọ́ kejì kúrò, kí ẹ sì fi ìrọ̀lẹ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́.