Gìtá Kékeré àti Fáwẹ̀lì Èkìtì: Àríwísí lórí Ìtàn Orin Jùjú

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dá lórí orin jùjú, ọ̀nà kan náà ni ìtàn gìtá máa ń gbà: gìtá kékeré tí kò lo iná, èyí tí àwọn olórin ìdí ẹmu ń ta, ni ìbẹ̀rẹ̀, gìtá oníná ni ìdàgbàsókè. Christopher Waterman (1990) ṣàlàyé pé ní nǹkan bí ọdún 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọnú jùjú, tí Àyìndé Bákárè sì gbé gìtá oníná dé ní 1949. Èmi kò bá ọjọ́ wọ̀nyí jiyàn. Òṣùwọ̀n tí a fi ń pè wọ́n ní ìdàgbàsókè ni mo tako, ìyẹn bí orin ṣe lè ròkè tó lójú agbo àríyá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n náà lọ sí Èkìtì, ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó. Ẹni tó pe ilé ní *ulé* ti sọ ibi tó ti wá. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba: àárín àti òkè. Gángan lè sọ ohùn, nítorí awọ rẹ̀ ń le, ó sì ń dẹ̀, bí a ti ń fún ọṣán rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fáwẹ̀lì. Lórí ìlù, *ulé* àti *ilé* kò yàtọ̀. Ẹnu nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Ibí ni iyì gìtá kékeré wà. Nítorí pé àpótí rẹ̀ kéré, ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bo ẹnu mọ́lẹ̀. Okùn kọ̀ọ̀kan ń dún ketekete, ó sì ń tètè rọlẹ̀. Àwọn irin ọrùn rẹ̀ ti pín ìró sí ipò tó dúró, nítorí náà kò lè yọ́ láti ohùn kan sí èkejì bíi gángan. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí àbùkù. Mo kà á sí àǹfààní, nítorí kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin.

A lè sọ pé àjèjì ni gìtá, pé alámọ̀, ewì alohùn àwọn obìnrin Èkìtì, kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ olórin bá fẹ́ gbé ewì Èkìtì sórí ohun èlò òde òní, ohun èlò tó bá yàn ni yóò sọ bóyá a ó gbọ́ ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Ó yẹ kí àwa onímọ̀ jùjú máa bi ohun èlò kọ̀ọ̀kan léèrè iye ààyè tó fi sílẹ̀ fún fáwẹ̀lì.