Ojú Tí Susan Kare Fún Ẹ̀rọ

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Susan Kare, ló sì fún kọ̀ǹpútà Macintosh tí Apple gbé jáde ní 1984 ní ojú tí ọ̀rọ̀ lè wà. Lórí ìwé onílà, nínú àpótí kéékèèké 32 ní ìbú àti 32 ní òòró, ní dúdú àti funfun péré, ni ọlọ́nà adárà yìí ti ya kọ̀ǹpútà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ara òun le; ó tún ya aago ọwọ́ tó ń bẹ̀ wá pé kí a ní sùúrù. Bọ́ǹbù tó fi sàmì ìjàǹbá nìkan ló dẹ́rù bani ju bó ti yẹ lọ, lójú tèmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù, ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ fínnífínní kí ẹ tó fi bọ́tìnì kún bọ́tìnì.