Fíláàṣì Olórùka àti Ẹyin Orí Ẹ̀wà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì jókòó tì wọ́n. Mo rí i pé àwọn hóró kan ní àmì funfun lára, èyí tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ní ìdọ̀tí ọjà ni, pé bí a bá fọ̀ ọ́, á lọ. Mo mú hóró kan, mo fi èékánná ha á, kò lọ. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ni mo bá wọlé lọ gbé kámẹ́rà.

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ya ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí yóò ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ń sún lẹ́ǹsì mọ́ ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni òjìji lẹ́ǹsì ń bo ẹ̀wà. Nígbà tí mo fi máa súnmọ́ ọn débi tí àmì funfun náà yóò ti hàn, fìlà orí mi àti ẹnu lẹ́ǹsì ti jọ gba oòrùn tán. Gbogbo àtẹ ń gba oòrùn. Hóró kan ṣoṣo tí mo fẹ́ yà ló wà lókùnkùn. Mo ṣí fíláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà fúnra rẹ̀, lẹ́ǹsì tó yọ gọngọ síwájú sì dí i lọ́nà: ìsàlẹ̀ àwòrán dúdú kirikiri, òkè rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí fíláàṣì olórùka tó ti wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò sọ ti iná ńlá olórùka tí àwọn tó ń kun ojú ìyàwó àti àwọn tó ń ṣe fídíò orí fóònù máa ń gbé dúró síwájú ara wọn o. Eléyìí kéré. Ó rí gẹ́lẹ́ bí òṣùká tí a fi ń ru omi: ó ká yípo, ó nípọn níwọ̀nba, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Ẹnu lẹ́ǹsì ni a ń dè é mọ́, lẹ́ǹsì á máa gba inú ihò òṣùká náà wòran. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń so méjèèjì pọ̀, oríṣi mẹ́rin ló sì bá tèmi wá nínú páálí, 52, 58, 67 àti 72 mìlímítà, kí ẹni tó ni lẹ́ǹsì kékeré àti ẹni tó ni ńlá lè jọ lò ó. Wáyà kan ti ara rẹ̀ lọ sínú àpótí pẹlẹbẹ tó ń jókòó sórí kámẹ́rà, inú ibẹ̀ ni òkúta tọ́ọ̀ṣì kéékèèké mẹ́rin wà. Ike ni gbogbo ara rẹ̀, bí a bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń dún díẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọlá lára rẹ̀.

Inú òṣùká náà ni gíláàsì méjì wà, tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí a bá tan àpótí, a ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan bíi ti ẹ̀fọn tó fẹ́ bà létí. Iná ló ń kóra jọ yẹn. Ohùn náà á máa ga sí i, á máa tín-ín-rín sí i, títí tí etí ò fi ní gbọ́ ọ mọ́, gílóòbù pupa kékeré á sì tàn lẹ́yìn àpótí. Ó ti ṣe tán nìyẹn.

Mo padà síbi àtẹ, mo sún mọ́ ẹ̀wà bíi ti àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ bù, ó sì lọ. Nígbà tí mo wo ojú kámẹ́rà, mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmì funfun náà rí roboto, ó gùn díẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ó sì yọ sókè bí ilé tí wọ́n dé lórí. Ó ní etí tẹ́ẹ́rẹ́ yíká níbi tó ti lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀wà. Lára hóró kejì, irú rẹ̀ mìíràn wà tí kò funfun rárá, tó mọ́ gaara bí ẹ̀kán omi, débi pé ojú lásán kò lè rí i. Òjìji kan ṣoṣo kò sí nínú àwòrán náà.

“Kí ni wàhálà yìí, ọmọ mi?”

“Ẹyin ni, mà.”

“Ẹyin kí ni?”

“Ẹyin kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ni. Èyí tó mọ́ gaara, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Èyí tó funfun, ìdin inú rẹ̀ ti gba abẹ́ ẹyin wọnú ẹ̀wà lọ, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀wà tó ń gbẹ́ sẹ́yìn ló kún inú ẹyin tó fi funfun.”

Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n mú un jìnnà, wọ́n wo ẹ̀wà ọwọ́ wọn, wọ́n tún padà wo kámẹ́rà. “Látọjọ́ tí mo ti ń se ẹ̀wà!” ni wọ́n wí, wọn ò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin náà kò gùn tó mìlímítà kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ lára iná yìí nìyẹn: ibi tí ojú ń gbà wò, ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá. Iná tó bá wà lápá ọ̀tún yóò ta òjìji sósì, tòkè yóò ta tirẹ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó yí ojú po kò ní ibi tí yóò ta òjìji sí tí ojú yóò rí i. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ́ ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ kejì ti tàn sí i.

Nítorí eyín ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ro irú iná bẹ́ẹ̀. Lester Dine, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1952 kí àwọn oníṣègùn eyín lè máa ya inú ẹnu. Ẹ rò ó wò: ẹnu jìn, ètè ń ṣíji bo iwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ṣíji bo ẹ̀gbẹ́, eyín ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń dun èèyàn jù. Ní 1962, Nikon ní Japan ṣe lẹ́ǹsì kan tí wọ́n pè ní Medical-Nikkor, iná olórùka ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, fún iṣẹ́ ìṣègùn. Ohun èlò ilé ìwòsàn ni nígbà náà, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń ya kòkòrò lẹ́yìnkùlé yóò ná owó rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ irú wa. Canon ṣe MR-14EX, tó dára gan-an, tó sì wọ́n gan-an. Yongnuo ní Ṣáínà wá ṣe YN-14EX tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fojú kéré ohun èlò olówó pọ́ọ́kú kì í dùn mọ́ mi nínú, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń tinú méjèèjì jáde, ẹyin ẹ̀wà kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn.

Kí ló dé tí iná tó kéré bẹ́ẹ̀ fi tó? Ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́ ni. Bí a bá ń ya ohun kan débi pé àwòrán rẹ̀ lórí awo inú kámẹ́rà tóbi tó ohun náà gan-an, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní 1:1, ibi tí yóò mọ́ kedere nínú àwòrán náà tín-ín-rín kọjá sísọ. Bí a bá ṣí ojú lẹ́ǹsì sí f/8, kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èèrà á mọ́ lójú, á rí bàìbàì ní ìdí. A ní láti pa ojú lẹ́ǹsì dé sí f/16 kí a tó rí mìlímítà méjì, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì dín kù. Lórí ìyẹn, ìsúnmọ́ fúnra rẹ̀ tún ń jẹ ìmọ́lẹ̀: ní 1:1, nínú ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé awo, ìdá kan ló ń dé ibẹ̀. Oòrùn Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan kì í tó nígbà mìíràn, ká má tíì sọ abẹ́ ewé. Ṣùgbọ́n bí a bá dín àlàfo tó wà láàárín iná àti ohun tí à ń yà kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á á di ìlọ́po mẹ́rin. Òṣùká mi kì í jìnnà sí kòkòrò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí a bá gbé e lọ síbi ìgbéyàwó, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè má dé ọ̀dọ̀ aláṣọ ẹbí tó jókòó ní ìlà kẹta. Lójú èèrà, oòrùn kejì ni.

Ó tún yára. Kì í sábà pẹ́ tó ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá tí ìmọ́lẹ̀ náà fi ń tàn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ewé tí atẹ́gùn ń mì kò sì ráyè ba àwòrán jẹ́. Ibí yìí ni kí ẹni tó fẹ́ rà á ti ṣọ́ra. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà lọ́jà l'Ékòó, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé fíláàṣì ni, àmọ́ gílóòbù LED wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ń tàn gbére, kò lágbára, kò sì lè dá ohunkóhun dúró. Gbogbo labalábá tí mo fi yà rí bí aṣọ tí wọ́n sá sínú ìjì. Kí ẹ ní kí wọ́n tàn án níṣojú yín. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ń dúró, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Aláǹtakùn kékeré kan wà tó máa ń rìn lára ògiri yàrá mi, tó ń fò mọ́ eṣinṣin bí ológbò ṣe ń fò mọ́ eku. Kì í ta àwọ̀n de ẹran, ojú ló fi ń ṣọdẹ. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kẹta, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó yí ara rẹ̀ padà, ó kọjú sí lẹ́ǹsì gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò kì í ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú mẹ́rin ló tò sí iwájú orí rẹ̀, méjì àárín tóbi bí iná iwájú ọkọ̀. Mẹ́rin yòókù wà lórí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irun funfun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ dà sílẹ̀ lábẹ́ ojú náà bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Nínú ojú ńlá kọ̀ọ̀kan, oṣù funfun méjì kọjú síra wọn: gíláàsì ọ̀tún àti tòsì nínú òṣùká mi. Àwọn ayàwòrán kan kórìíra àmì yìí, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Èmi kì í pa á rẹ́. Òun ló ń sọ ibi tí mo wà nígbà tí aláǹtakùn náà wò mí.

Lára ohun tó ń dán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mo ya yímíyímí kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí bàtà tuntun, gbogbo ohun tí mo rí ni òrùka funfun ńlá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà fúnra rẹ̀ sì pòórá. Èyí ni àléébù iná yìí, ó sì ní èkejì: nítorí pé kò sí òjìji, ohun tó yọ sókè lè rí pẹlẹbẹ nínú àwòrán, bí ẹni fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Oníṣègùn eyín kò kọ ìyẹn, òótọ́ ló ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí ìgbá ẹ̀yìn kòkòrò ní ìbú yóò kọ ọ́. Mo gé ìdérí ike funfun kan yípo, mo lu ihò láàárín rẹ̀, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ síwájú òṣùká, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀. Lẹ́yìn náà mo dín agbára gíláàsì òsì kù sí ìdá mẹ́rin tọ̀tún, nítorí àpótí ẹ̀yìn fàyè gba ìyẹn. Òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ padà wá lápá kan, ó kàn tó láti fi hàn pé ẹ̀yìn yímíyímí tẹ̀ kọrọdọ. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò ju ìdérí ike lọ.

Ìbàdàn ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, fìdí kalẹ̀ sí, ìtàn kan tó ti ibẹ̀ jáde kì í sì í kúrò lọ́kàn mi tí mo bá de òṣùká mọ́ lẹ́ǹsì. Kòkòrò kan tí ara rẹ̀ dà bíi pé wọ́n bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ wa, ó sì ń pa ẹ̀gẹ́ kiri Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 sí i. Hans Herren àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní IITA wá agbọ́n kan tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, Paraguay ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1981. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yẹn. Agbọ́n tó gba gàrí àti láfún lọ́wọ́ ìyàn kò gùn tó mìlímítà méjì. Mo máa ń yí ewé ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa padà, mo máa ń ti òrùka sábẹ́ rẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé. Mo ti ya kòkòrò oníyẹ̀fun náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Agbọ́n ni mo ṣì ń wá.

Hóró ẹ̀wà àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí wọ́n sè é. Mo fi í sínú ìgò, mo da aṣọ bò ó lẹ́nu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àmì roboto kan hàn lára èèpo rẹ̀, ó ṣókùnkùn díẹ̀ ju ibi tó kù lọ, bí fèrèsé tí wọ́n tì láti inú. Mo da hóró náà sórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n màmá mi fa àga wọn súnmọ́ tòsí. Mo tan àpótí. Ohùn bíi ti ẹ̀fọn náà ga, ó tín-ín-rín, ó lọ. Fèrèsé náà mì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan gbéra sókè, ìwo méjì sì kọ́kọ́ yọ jáde.