Kán-ún Kì í Ṣe Potash: Àríwísí Lórí Orísun Ọ̀rọ̀ Kan

Ó ti mọ́ àwa olùkọ́ àti ògbufọ̀ lára láti máa fi potash túmọ̀ kán-ún. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtumọ̀ náà kò tọ̀nà, orísun àwọn ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́rìí sí i.

Láti inú èdè Dutch ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá potash. Eérú inú ìkòkò ni ìtumọ̀ rẹ̀: wọn a jó igi, wọn a sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọn a sì sè é nínú ìkòkò títí omi yóò fi gbẹ. Nígbà tí Humphry Davy yọ mẹ́tààlì tuntun kan jáde láti inú rẹ̀ lọ́dún 1807, potassium ni ó pè é. K tí í ṣe àmì rẹ̀ wá láti inú kalium, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún eérú ewéko. Ọ̀nà méjèèjì já sí eérú.

Kán-ún ńkọ́? Kanwa ti èdè Haúsá ni a yá. Wọ́n ń wà á nínú ilẹ̀ ní agbègbè adágún Chad. Kò sí ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ eérú. Sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹbí kan náà ni òun àti natron tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ń tọ́jú òkú, ọ̀rọ̀ tí ó bí natrium àti àmì Na.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ Yúróòpù pàápàá da àwọn méjèèjì pọ̀, títí Duhamel du Monceau fi fi ìyàtọ̀ wọn hàn lọ́dún 1736. Ṣùgbọ́n àwa kò ní àwíjàre. Àwọn ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú ń sẹ́ eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi eérú yẹn ni potash wà nínú rẹ̀. Eérú ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní kán-ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn inú kíláàsì. Ẹni tí dókítà ní kí ó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì gbà pé pọtáṣíọ̀mù ni kán-ún inú ewédú rẹ̀, sódíọ̀mù tí ó ń sá fún ni ó tún ń bù sínú ọbẹ̀.

Àbá wa ni pé kí kán-ún dúró fún natron nínú èdè-ìperí kẹ́místrì, kí a sì máa pe potash ní iyọ̀ eérú.