Oríkì Tí Kò Pé: Ìbẹ̀wò sí Ilé Àwòrán Frick ní New York

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé já ní koro. Ṣùgbọ́n Henry Clay Frick, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́ ilé ńlá kan sí etí Òpópónà Karùn-ún ní New York, ìta ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ wọlé: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ítálì, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ilẹ̀ Faransé, ti Sípéènì àti ti Họ́láńdì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé ń wọ̀. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní bá àwòrán tí a tò lọ gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé tí ó wà lórí ìlà. Ilé ènìyàn ni yóò bá, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ibi ìyáná, tí àwọn àwòrán sì wà lára ògiri bí ẹni pé baálé ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ni. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ràgàjì lọ. Òun náà sì ni ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, nítorí pé ilé kì í ṣe àpótí lásán: a máa sọ ọ̀rọ̀ olówó rẹ̀.

Ọdún 1849 ni wọ́n bí Frick ní West Overton, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Èédú ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, irú èédú sísun tí àwọn ilé-iṣẹ́ irin fi ń yọ́ irin. Láti ibẹ̀ ni ó ti bá Andrew Carnegie da òwò pọ̀, tí ó sì di alága ilé-iṣẹ́ irin Carnegie ní ọdún 1889. Thomas Hastings ni ó ya àwòrán ilé tí à ń sọ yìí. Láàárín ọdún 1913 sí 1914 ni wọ́n kọ́ ọ. Ọdún márùn-ún péré ni baálé ilé fi gbé inú rẹ̀ kí ikú tó mú un lọ ní 1919. Ìwé ìpíngún rẹ̀ fi ilé, àwòrán àti mílíọ̀nù 15 dọ́là sílẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Kò sí aláìmoore kan tí yóò sọ pé ẹ̀bùn kékeré ni.

Yàrá tí ó yẹ kí olùwò dúró sí pẹ́ ni pálọ̀ ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní Living Hall, níbi tí ìtò àwọn àwòrán kò ti fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà ayé Frick. Lókè ibi ìyáná ni Jerome Mímọ́ tí El Greco yà wà: kádínà arúgbó, aṣọ pupa, irùngbọ̀n funfun, ọwọ́ lórí ìwé ńlá kan. Ní apá òsì ẹni tí ń wò ó ni Thomas More wà; ní apá ọ̀tún, Thomas Cromwell. Hans Holbein ni ó ya àwọn méjèèjì, More ní ọdún 1527, Cromwell ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà. Apá aṣọ àrán pupa tí More wọ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ń yún ènìyàn láti fi kàn án, ẹ̀wọ̀n wúrà sì wà ní ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò dán bí aṣọ. Irùngbọ̀n tí kò fá hù jáde ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwò rẹ̀ sì dàbí ti ẹni tí ó ti ń ro ohun kan láti òru àná. Cromwell ní tirẹ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó sanra, ó pa ẹnu dé, ó di ìwé kan mú. Ojú rẹ̀ kéré, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn, ibi ìyáná sì wà ní àárín.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí ó wà láàárín wọn. More kọ̀ láti búra pé Ọba Henry Kẹjọ ni olórí ìjọ Ọlọ́run ní ilẹ̀ náà. Cromwell, ìránṣẹ́ ọba, ni ó wà nídìí ẹjọ́ tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1535, ni wọ́n bẹ́ More lórí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọba kan náà ní kí wọ́n bẹ́ Cromwell. Kò sí ìwé àlàyé gígùn lára ògiri tí ó sọ èyí. Ìtò nìkan ni ó sọ ọ́. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn, olùwò ìbá máa ronú nípa ọwọ́ Holbein àti bí ó ti mọ àrán yà tó. Níhìn-ín, ọ̀ràn ẹni tí ó pani àti ẹni tí wọ́n pa ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀. Agbára tí ilé ní lórí àwòrán nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ní ògiri tí ó dojú kọ wọ́n ni Francis Mímọ́ wà, iṣẹ́ Giovanni Bellini ará Venice, tí Frick rà ní ọdún 1915. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni Francis, ó sì bọ́ aṣọ ọrọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Bellini fi í sí àárín òkúta, láìwọ bàtà. Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dúró ní ọ̀ọ́kán, agbárí òkú wà lórí tábìlì ìkàwé, òun fúnra rẹ̀ sì la ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ láti apá òsì. Ó rọrùn láti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́: ọlọ́rọ̀ tí ó jókòó lórí àga olówó iyebíye, tí ó ń wo ẹni tí ó kọ owó sílẹ̀. Yẹ̀yẹ́ náà kò jinlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́rọ̀ wo Francis pẹ̀lú òtítọ́ ọkàn. Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ wà ní ibi ìyáná tí ó wà ní òdìkejì.

Ní ọdún 1892, Carnegie wà ní Scotland, Frick sì ni ó ń darí ilé-iṣẹ́ irin ní Homestead, lẹ́bàá odò Monongahela. Ó fẹ́ gé owó iṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀. Frick fi ọgbà gíga yí ilé-iṣẹ́ náà ká, ó ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ìta, ó sì bẹ ilé-iṣẹ́ Pinkerton ní ọ̀wẹ̀ ẹ̀ṣọ́ 300. Orí omi ni wọ́n gbà wá ní òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìbọn dún. Òṣìṣẹ́ kú, ẹ̀ṣọ́ kú. Gómìnà kó sójà wọ ìlú, nígbà tí oṣù Kọkànlá yóò sì fi lọ tán, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ti fọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alexander Berkman, wọ ọ́fíìsì Frick ní oṣù Keje yẹn, ó yìnbọn fún un, ó sì gún un ní ọ̀bẹ. Frick kò kú. Ọjọ́ tí ìjà odò náà ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọjọ́ kan náà nínú oṣù tí wọ́n bẹ́ More. Èèṣì ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kò tún lè jókòó ní pálọ̀ yẹn bí ó ti jókòó tẹ́lẹ̀. Ilé tí ó mọ bí a ti í fi ọ̀tá dojú kọ ọ̀tá nígbà tí ọ̀ràn jẹ́ ti ará Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, kò fi ẹnikẹ́ni dojú kọ olówó ilé.

Níbi yìí ni ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà yin ènìyàn ti lè ran olùwò lọ́wọ́. Ilé náà jẹ́ oríkì Frick, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe orin ìyìn nìkan. Nínú oríkì ìdílé, ẹni tí ó jẹ gbèsè ń bẹ, ẹni tí ìjà rẹ̀ tú ọjà ká ń bẹ, ẹni tí ojú ń tì láti dárúkọ ní ibòmíràn ń bẹ. Ìyá àgbà tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò fo ibẹ̀, orí ọmọ tí a sì ń kì ń wú sí i ni. Àléébù kò ba oríkì jẹ́. Òun ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn gan-an ni a ń kì, kì í ṣe ère.

Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì mọ èyí. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 fi kábíyèsí hàn lórí ìtẹ́, olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá kí i. Ambrose kò fi ẹsẹ̀ rìn. Ènìyàn ni ó gbé e, Olówè sì gbẹ́ àwọn tí ó gbé e, ní ibi tí gbogbo ẹni tí ó ń wọ ààfin yóò ti rí wọn. Ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì gbà á; ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò fún Ògògà. Lónìí kò sí ààfin lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, àwọn tí ó ru ẹrù ọ̀gá kò kúrò lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àwòrán ni àwòrán, kí ni ó kan Bellini kan ìjà òṣìṣẹ́? Ìwọ̀nyí rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà láti 2021 sí 2024, nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe, tí wọ́n sì kó àwọn àwòrán lọ sí ilé oníkọnkéré tí Marcel Breuer yà. Kò sí àga ọlọ́lá níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn òkúta mábù. Francis Mímọ́ nìkan ni ó ni yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ pé ó dára ju ti pálọ̀ lọ. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti pàtẹ àwọn àwòrán Barkley Hendricks ní 2023, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó ya àwọn obìnrin Èkó mẹ́rin ní 1978. Ó gba ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùwò. Ṣùgbọ́n kí á má ṣàì kíyè sí i pé inú ilé àlejò ni wọ́n ti gbà á ní àlejò.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé àtijọ́ tún ṣí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùwò lè gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè, sí àwọn yàrá tí ìdílé Frick ń sùn. Yàrá tí wọ́n fi àwòrán Boucher ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ti gbé sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyàwó Frick, ti padà sí òkè tí ó ti wá. Àtúnṣe náà dára, ó sì fi sùúrù hàn.

Àwòrán kan wà nínú ilé náà tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá lọ wá kiri. Goya ni ó yà á, Frick sì rà á ní ọdún 1914, ọdún tí ilé parí. Alágbẹ̀dẹ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú. Arúgbó kan tẹríba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó gba ojú jù, kọ ẹ̀yìn sí olùwò, ó gbé òòlù sókè, aṣọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ti ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀. Dúdú àti eérú ni gbogbo àwọ̀ rẹ̀, àfi pupa irin nìkan. Ọwọ́ Frick fúnra rẹ̀ ni ó fi owó irin ra àwọn oníṣẹ́ irin yìí wọ ilé. Kò sí nínú pálọ̀ lọ́dọ̀ More àti Cromwell.