Ta Ló Sọ Igi Sípírẹ́sì Di Igi Ikú?

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ ọnà lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ojú pátákó. Òru ni nínú àwòrán náà. Ojú ọ̀run ń yí bí omi odò tó kọlu àpáta, ìràwọ̀ ń tàn bí àtùpà, abúlé kékeré kan sì wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ní apá òsì, igi dúdú kan ta sókè bí ahọ́n iná. Ó ga ju ilé lọ, ó ga ju òkè lọ, ó wọ àárín ìràwọ̀.

Olùkọ́ wa sọ fún wa pé "Òru Oníràwọ̀" ni àkọlé rẹ̀, pé Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó yà á ní oṣù kẹfà ọdún 1889. Wọ́n ní sípírẹ́sì ni igi dúdú náà, igi ikú sì ni. Wọ́n ní ayàwòrán náà ti ń rí ikú ara rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí pé ó kú ní oṣù keje ọdún 1890. Gbogbo wa kọ ọ́ sínú ìwé: "Sípírẹ́sì dúró fún ikú." Èmi náà kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn.

N kò sọ pé olùkọ́ wa ṣì wá lọ́nà. Bí ọmọdé bá gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Ọ̀rọ̀ wọn ní orísun. Ovid, akéwì ilẹ̀ Róòmù àtijọ́, sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cyparissus, tí ó fẹ́ràn àgbọ̀nrín kan bí ẹyin ojú. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, àgbọ̀nrín náà sùn sábẹ́ òjìji. Ọmọ náà ju ọ̀kọ̀, ó sì ṣèèṣì pa á. Ó bẹ òrìṣà Apollo pé kí ó jẹ́ kí òun máa ṣọ̀fọ̀ títí ayé, òrìṣà sì sọ ọ́ di igi sípírẹ́sì. Títí di òní, igi yìí wọ́pọ̀ ní itẹ́ òkú ní gúúsù Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Páṣíà, tí a ń pè ní Ìráànì lónìí, bí àwọn akéwì bá fẹ́ yin ìdúró olólùfẹ́ wọn, igi sípírẹ́sì ni wọ́n máa ń fi í wé. Sa'di, tí ó kọ ìwé Gulistan ní 1258, sọ nínú rẹ̀ pé olómìnira ni wọ́n ń pe igi yìí, nítorí pé kì í so èso tí yóò gbó tí yóò sì tán, ewé rẹ̀ sì ń tutù ní gbogbo ìgbà. Igi kan náà ni o! Ọ̀fọ̀ ni ẹnì kan rí lára rẹ̀, ẹwà àti òmìnira ni ẹlòmíràn rí. A jẹ́ pé kì í ṣe igi ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ń wò ó ni.

Kí wá ni Van Gogh rí? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1889, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Saint-Rémy, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó lo nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀, ó sì ya àwòrán bí 150. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Theo àbúrò rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó ní igi sípírẹ́sì kò kúrò lọ́kàn òun, òun sì fẹ́ fi í ya irú ohun tí òun fi òdòdó sunflower yà. Ó fi ìdúró igi náà wé ọ̀wọ̀n òkúta àwọn ará Íjíbítì. Ó ní àwọ̀ dúdú rẹ̀ nínú oòrùn ṣòro láti mú bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ká lára nìyẹn. Ó jọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ tí ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò fi dára.

Ẹ wo àwòrán rẹ̀ mìíràn, "Oko Àlìkámà àti Igi Sípírẹ́sì", tí ó yà ní ọdún kan náà. Ọ̀sán gangan ni. Àlìkámà ti pọ́n, afẹ́fẹ́ ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìkùukùu ń ká bí èéfín. Ní apá ọ̀tún, igi sípírẹ́sì gíga kan àti kékeré kan dúró. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà a máa gbin sípírẹ́sì ní ìlà-ìlà kí ó lè gba afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní mistral mọ́ra, kí irè oko má baà bàjẹ́. Ní tèmi, àwòrán yìí borí ti òru. Nínú ti òru, igi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo abúlé mọ́lẹ̀. Nínú èyí, òun àti oko jọ ń gbé pọ̀.

Mo gbà pé ayàwòrán náà mọ̀ pé igi itẹ́ òkú ni. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a fi oṣù keje 1890 túmọ̀ oṣù kẹfà 1889.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí nìyí. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, ṣàìsàn ọpọlọ. Wọ́n gba ìtọ́jú, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Nígbà tí mo wọ SS 1, àwọn aládùúgbò ní kí màmá mi má gbé aṣọ iléèwé mi fún wọn. Màmá gbé e lọ. Bọ̀ọ̀dá wọ̀n mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ yìí ṣì máa ga." Wọ́n ṣẹ́ etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà po dáadáa, kí a lè máa tú u bí mo bá ṣe ń ga. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n kú. Láti ìgbà náà, bí àwọn ènìyàn bá dárúkọ wọn, àìsàn yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń parí. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n rán.

Ní oṣù tó kọjá, màmá mi tú ìṣẹ́po tó kẹ́yìn. Ilà rẹ̀ ṣì hàn lára aṣọ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ìwé iṣẹ́ ọnà mi, n kò pa ohun tí olùkọ́ wa ní kí a kọ rẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀: "Ní itẹ́ òkú, sípírẹ́sì dúró fún ikú. Ní oko Van Gogh, ó dúró ti àlìkámà."