Ibi Tí Oníkẹ̀kẹ́ Ti Ń Sinmi

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù a máa gba títì Portsmouth lọ sí Ripley ní Surrey, sí ilé èrò Anchor tí ìdílé Dibble ń bójú tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣàlejò ló sọ ibẹ̀ di olókìkí. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ibi ìsinmi títí dòní náà nìyẹn: kí wọ́n gba ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀ láìfajúro. Kí tíì gbóná, kí wọ́n bu omi síni nígò, kéèyàn sì lè máa wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ látorí àga. (Ta ló lè gbádùn oúnjẹ tọ́kàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ olè?) Kí oúnjẹ tètè dé, torí ẹsẹ̀ tó bá ti tutù kì í fẹ́ gun òkè mọ́. Kọfí olówó ńlá ò pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá ríbi bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó dáadáa, kẹ́ ẹ má sì fi ẹrẹ̀ ba àga wọn jẹ́.